Ìrora Tí Àyẹ̀wò Kò Rí: Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Nípa Àníyàn Àti Àwọn Àìsàn Ọkàn Tó Tan Mọ́ Ọn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń lọ sí ilé ìwòsàn pé orí ń gbóná tàbí pé àyà ń já, ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò kò fi àrùn kankan hàn. Àwọn ará ilé a sì máa sọ pé ó ń díbọ́n. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìrora náà kì í ṣe irọ́. Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i: ẹni tí ẹ̀rù bà, àyà rẹ̀ ló já, ẹni tó bínú, inú ló bí i.

Àníyàn àṣejù

Ẹ̀rù kì í ṣe àìsàn. Bí ènìyàn bá rí ejò, ara rẹ̀ a tú èròjà adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a yára lù, mímí a yá, iṣan a sì le, kí ó lè sá tàbí kí ó jà. Ó di àìsàn nígbà tí ara bá ń ṣe báyìí fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ejò kankan, tí kò sì jẹ́ kí ènìyàn lè sùn tàbí kí ó ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, ìpayà náà a dé lójijì, ẹni tó ń ṣe a sì rò pé ikú dé.

Àìsàn ọkàn tó ń hàn lára

Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná tàbí ń ta, tí ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ń kàwé, tí ohun tí wọ́n kà kì í sì í yé wọn mọ́. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Láti ọdún 2013, ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò gbé irú àìsàn yìí lé àìrí àrùn mọ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ìrora ṣe gba gbogbo èrò àti àkókò ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀ lóòótọ́ lè ní i pẹ̀lú.

Nígbà tí ọkàn bá pínyà

Lẹ́yìn ìjàm̀bá, ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìyà ìgbà èwe, ọkàn lè ya ìrántí tàbí ìmọ̀lára sọ́tọ̀. Ẹlòmíràn lè gbàgbé orúkọ ara rẹ̀; ohùn ẹlòmíràn lè há, tàbí kí ó máa gbọ̀n bí oníwárápá láìjẹ́ pé wárápá ni. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àmọ́ òrìṣà tó gun elégùn nígbà ọdún kì í ṣe àìsàn, nítorí ó ní àkókò àti ètò tí àwùjọ mọ̀.

Kí ni ṣíṣe?

• Ẹ kọ́kọ́ lọ fún àyẹ̀wò. Bí àyà bá ń dunni gidigidi, bí ẹnu bá wọ́, tàbí bí apá kan ara bá rọ lójijì, ẹ má ṣe dúró; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.
• Bí àyẹ̀wò kò bá rí nǹkan, ẹ bi dókítà léèrè nípa ìlera ọkàn. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá máa ń ṣèrànwọ́ púpọ̀. Dókítà sì lè fi oògùn kún un.
• Ẹ má ṣe ra oògùn oorun lò fúnra yín.
• Ẹ má ṣe na aláìsàn, ẹ má sì dè é mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé láàrin àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì di àtijọ́: ẹbí tó gba aláìsàn gbọ́ jẹ́ apá kan nínú ìwòsàn rẹ̀.