Àpò Tíńtín Inú Ẹ̀jẹ̀



Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú wa ní Agége, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, bi mí pé: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní exosome? Ẹnìkan fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ojú mi lè máa dán. Owó àjọ mi ni mo fẹ́ fi san án." Òun ni mo fi ṣe ẹ̀kọ́ oṣù yìí.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa a máa tú àpò tíńtín jáde. Bí a bá to bíi 10,000 nínú wọn sórí ìlà, gbogbo rẹ̀ yóò tó mìlímítà kan péré. Ní 1983 tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà kọ́kọ́ ṣàlàyé wọn, àpò ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ kà wọ́n sí. Ní 2007 ni àwọn ará Sweden fi hàn pé wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wọlé. Àwọn onímọ̀ ń wá bí wọn yóò ṣe gbé ẹ̀rún irin tíńtín, èyí tí ẹ̀rọ MRI lè rí, pẹ̀lú oògùn, dé ibi tí jẹjẹrẹ wà gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rún náà bá dá rìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ara yóò gbé e mì, púpọ̀ rẹ̀ a sì há sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ wo ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ ní Ọba Àkran: mẹ́gáàdì a dá ọkọ̀ àjèjì dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ní ọ̀dà ilé-iṣẹ́ náà lára a wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àpò tí ó ti ara sẹ́ẹ̀lì wá ni ọkọ̀ ọlọ́dà yẹn. (Mẹ́gáàdì kì í gbà ní gbogbo ìgbà o, ẹ̀dọ̀ ṣì ń mú púpọ̀ nínú wọn.) Ní 2011, wọ́n fi irú àpò yìí gbé ohun ìṣègùn dé inú ọpọlọ eku ní Oxford.

Èyí tí ènìyàn fi ọ̀rá ṣe ti dé ọ̀dọ̀ wa ní tirẹ̀: inú irú àpò bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ Kòrónà ti Moderna wà, èyí tí Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù 4 rẹ̀ ta Nàìjíríà lọ́rẹ ní 2021. Wọ́n ti dán ìyẹn wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kí ó tó dé. Ti exosome kò rí bẹ́ẹ̀. Ní December 2019, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn kò fọwọ́ sí ìkankan nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ṣe àwọn aláìsàn kan ní Nebraska léṣe.

Mo ní kí ọmọ náà lọ béèrè pé: sẹ́ẹ̀lì ta ni wọ́n ti fa á jáde, ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò? Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ẹni tí ń tà á kò mọ ohun tí ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì.