Bí màmá tó ń bá wa wo ọmọ bá ṣàìsàn, ṣé a ó san owó oṣù rẹ̀ pé?

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta aṣọ ọmọdé ní Challenge, nílùú Ìlọrin. Màmá kan ládùúgbò ló ń bá mi wo ọmọ mi ọlọ́dún kan àbọ̀, láti aago méje àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé. Ilé ara rẹ̀ ló ti ń ṣe é, ọmọ márùn-ún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ₦24,000 sì ni mò ń san lóṣù. Lóṣù tó kọjá, táífọ́ọ̀dù dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Tanke ni mò ń gbé ọmọ lọ, owó ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọkọ mi ní kí n yọ owó ọjọ́ mẹ́jọ náà. Ìyá ọkọ mi ní irú ẹ̀ ò bójú mu. Ohun tó wá dàrú mọ́ mi lójú ni pé nígbà tí àpólò mú ọmọ mi, tí kò lọ fún ọjọ́ márùn-ún, màmá yìí gba owó rẹ̀ pé. Ṣé ó lè gbowó nígbà àìsàn ọmọ mi, kí n má sì san nígbà àìsàn tirẹ̀? – Ìyá ọlọ́mọ kan, Challenge, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ọ̀pọ̀ òbí ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn tí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa bi. Bó bá yé mi dáadáa, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá àìsàn ọmọ àti àìsàn olùtọ́jú kì í ṣe ọ̀kan náà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú méjèèjì.

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àyàfi bí ẹ bá ti jọ ṣe àdéhùn mìíràn tẹ́lẹ̀, ẹ ò jẹ ẹ́ ní gbèsè ọjọ́ mẹ́jọ tó fi dùbúlẹ̀. Owó ọjọ́ márùn-ún tí àpólò dá ọmọ yín dúró nílé, tirẹ̀ ni, kò sì rẹ́ yín jẹ.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù yín. Bí ẹ bá rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó ṣì san owó ṣọ́ọ̀bù, torí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ti í pa fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó bi í léèrè owó ọ̀sẹ̀ náà. Àyè tí wọ́n fi pamọ́ fún ọmọ yín, àti ẹni tó wà ní sẹpẹ́ láti gbà á, ni ₦24,000 yẹn ń san fún. Lọ́sẹ̀ àpólò, màmá náà wà ní sẹpẹ́. Kò lè fi ọmọ mìíràn dí àyè yẹn fún ọjọ́ márùn-ún péré, ẹ̀kọ tó ń pò láàárọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù nítorí pé ọmọ kan kò wá. Lọ́sẹ̀ táífọ́ọ̀dù, kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àáfà tó mọ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pín alágbàṣe sí méjì: ẹni tó ya àkókò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ayé, bíi télọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ owó rẹ̀ bó bá ti yọjú tó sì múra sílẹ̀, kódà bí wọn ò rí iṣẹ́ fún un. Ẹnì kejì ń gba owó iṣẹ́ tó bá ṣe. Màmá yín wà láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá lè dìde kò so owó lọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ lè ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù pé òfin fún aláìsàn ní ọjọ́ 12. Òótọ́ ni. Abala 16 Òfin Iṣẹ́, nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004, ní kí agbanisíṣẹ́ san owó òṣìṣẹ́ tó ṣàìsàn fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni ọ̀gá màmá yìí. Ilé rẹ̀ ni, òun ló dá iye owó, òun ló mọ ọmọ tó máa gbà. Oníbàárà lẹ jẹ́ sí i, ẹ jẹ́ márùn-ún. Kódà, òfin yẹn yọ ẹni tí wọ́n gbà fún ohun tí kò kan òwò agbanisíṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó ń pè ní òṣìṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gbé ọmọ fún irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Ofsted ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, aládàáni sì ni púpọ̀ nínú wọn. Àdéhùn tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ohun tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ ni pé òbí ń sanwó bí ọmọ kò bá lè wá, kì í sì í san bí olùtọ́jú bá tilẹ̀kùn nítorí àìsàn.

Ọkọ yín kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí oṣù bá ní ọjọ́ iṣẹ́ 24, ₦1,000 ni ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́jọ jẹ́ ₦8,000. Lójú tiyín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òbí márààrún bá ń san iye kan náà, tí gbogbo wọn sì yọ ọ́, ₦40,000 ti lọ nínú ₦120,000, nínú oṣù tó ra oògùn, tó sì sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ohun tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ṣe nígbà mìíràn kò ṣòro láti mọ̀: á fi ibà lára gba ọmọ yín láàárọ̀, á sì ní ara òun le. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Bó bá jẹ́ èmi, ìdajì ni màá san fún ọjọ́ mẹ́jọ náà, kí àpapọ̀ jẹ́ ₦20,000, màá sì sọ fún un pé ìtọ́jú ni, kó má baà di ẹ̀tọ́ tí a kò jọ sọ. Owó ọkọ̀ Tanke, ẹ má ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ẹ bá ti san owó oṣù ṣáájú, ẹ má ní kó kó owó jáde báyìí. Ẹ jẹ́ kó wọ oṣù tó ń bọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ara ọmọ yín ló ti kó àìsàn, bíi àpólò yẹn, ẹ san án pé, ẹ má wo ọjọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ̀yin òbí márààrún àti màmá jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́ mélòó lọ́dún ni ẹ ó fi san owó àìsàn rẹ̀ (márùn-ún kò pọ̀ jù), ta ni yóò wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, ṣé ẹni náà jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀, báwo ni ti ọjọ́ Iléyá àti Kérésì. Bó bá mú arọ́pò tí ẹ fọwọ́ sí wá, owó pé. Ẹ tún lè dá àjọ kékeré láti fi í sí ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Kwara, tí oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà náà lè wọ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Kwara: láti 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ará ìgbèríko ní Shonga. Kí ẹ tó pè é sí ìjókòó, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn òbí mẹ́rin tó kù sọ ọ́, kó má di pé ẹnì kan san ìdajì, ẹnì kan yọ gbogbo rẹ̀.