Elisabeth ti Thuringia: Obìnrin Tó Ń Béèrè Ibi Tí Oúnjẹ Ti Wá

Ibi kíkà: Míkà 6:8, Mátíù 25:31-46

Ẹni tí a fẹ́ gbé ìgbésí ayé rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí ni Elisabeth, ọmọ ọba Hungary tó di aya ìjòyè ní Jámánì. Ọmọ ọdún 24 péré ni nígbà tó kú. Àwọn kan nínú wa ti kọjá ọjọ́ orí yẹn, àwa yòókù sì ń lọ síbẹ̀.

Ọdún 1207 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ Ọba Andrew Kejì, bàbá rẹ̀, lọ sí Thuringia, nítorí wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún ìdílé tó ń ṣàkóso ibẹ̀. Ní 1221 ó fẹ́ Ludwig Kẹrin. Àwọn àgbà ló ṣètò ìgbéyàwó náà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tòótọ́ wà láàárín àwọn méjèèjì. Ààfin Wartburg, lórí òkè tó wà lókè ìlú Eisenach, ni wọ́n ń gbé. (Ibẹ̀ náà ni Martin Luther fara pa mọ́ sí ní 300 ọdún lẹ́yìn náà, tó sì túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì.)

Ẹ lè ti rí àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó rósì lápá. Wọ́n ní ó ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn aláìní ní kọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ pàdé rẹ̀, ni búrẹ́dì bá di òdòdó. Ìtàn tó dùn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ikú rẹ̀ dáadáa ni wọ́n fi kún tirẹ̀. Kò tilẹ̀ bá Ludwig mu, torí ọkọ tó ń ti aya rẹ̀ lẹ́yìn ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù wá láti ẹnu àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n jẹ́rìí nípa rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Wọ́n ní bí Elisabeth bá jókòó ti tábìlì ọkọ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wádìí ibi tí oúnjẹ náà ti wá. Ṣé láti oko tí ó jẹ́ ti Ludwig ní ẹ̀tọ́ ni, àbí èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ipá gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ohun mímu nìkan ló mọ́, yóò sọ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pé mímu nìkan ni wọn yóò mu. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan, wọn yóò jẹ, wọn kò ní mu. Ọjọ́ tí méjèèjì bá mọ́, á pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ọjọ́ mìíràn sì wà tí ebi pa wọ́n nídìí tábìlì tó kún fọ́fọ́. Ludwig sọ pé òun ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé yóò máa sọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Fífúnni kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀ fún wa. A ń dáwó fún ẹni tí kò rí owó iléèwé san, a sì ń lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ṣùgbọ́n bí ará yàrá wa tí gbogbo wa mọ̀ pé Yahoo ló ń ṣe bá ra ìrẹsì àti adìyẹ fún gbogbo yàrá ńkọ́? Bí ó bá tún fi owó ńlá ṣọrẹ fún ìpàgọ́ wa ńkọ́? Ẹnu wa kì í gba ìbéèrè nígbà náà. Elisabeth mọ̀ pé oúnjẹ tó wà níwájú òun lè jẹ́ ti àgbẹ̀ kan náà tí yóò wá tọrọ búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà òun lọ́la.

Ní 1226 ìyàn mú. Ludwig wà ní Ítálì lọ́dọ̀ olú-ọba. Elisabeth ṣí àká ọkà ààfin, ó sì kọ́ ilé ìwòsàn oníbùsùn 28 sí ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Nígbà tí ìkórè dé, ó fún àwọn tó lágbára ní ẹ̀wù, bàtà àti dòjé kí wọ́n lè lọ ṣiṣẹ́ oko. Dòjé yẹn wú mi lórí ju àká lọ.

Ọdún kejì ni Ludwig kú ní Otranto, lójú ọ̀nà Ogun Àgbélébùú. Opó ọlọ́mọ mẹ́ta ni Elisabeth ní ọmọ ogún ọdún. Ó kúrò ní Wartburg. Nígbà tí wọ́n san 2,000 máàkì fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ opó, ó pín 500 fún àwọn aláìní lọ́jọ́ kan, ó sì kọ́ ilé ìwòsàn mìíràn sí Marburg. Ó ń ran irun àgùntàn ní òwú kí ó lè rí owó jẹun.

Apá kan wà tí n kò lè yìn. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìgbọràn fún àlùfáà rẹ̀, Konrad ti Marburg. Ọkùnrin náà lé Guda àti Isentrud, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́ pípẹ́, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n nà án nígbà tó ṣẹ̀. Ká sọ òótọ́, òun náà ló dá a dúró nígbà tó fẹ́ máa tọrọ bárà kiri. Síbẹ̀, n kò rí ibi tí Jésù ti fi pàṣán kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń já wa kúrò lára gbogbo ọ̀rẹ́ wa ní orúkọ Olúwa, ó yẹ kí a bi í ní ìbéèrè bí Elisabeth ti ń bi àwọn agbọ́únjẹ rẹ̀.

Ó kú ní oṣù kọkànlá, 1231. Ní 1235 póòpù kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan sórí ibojì rẹ̀. Philip, ọ̀kan nínú ìran rẹ̀, ló dá yunifásítì Marburg sílẹ̀ ní 1527.

Fún ìjíròrò: Kí ni a ó ṣe pẹ̀lú ọrẹ tí a mọ orísun rẹ̀, tí orísun náà kò sì mọ́? Ta ni yóò sì sọ fún olùfúnni, ní ọ̀nà wo?