Ẹ Má Sùn Sórí Òkè Yẹn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń di àgọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, tí ẹ ń wá òkè kan ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò dé, ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́. Èmi náà mọ adùn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í ṣe èpè: ẹ gun òkè lọ́sàn-án, ẹ wo ayé, kí oòrùn tó wọ̀, kẹ́ ẹ ti sọ̀ kalẹ̀.

Pé ibì kan dákẹ́ rọ́rọ́ kò ní kó má séèyàn níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè máà fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Bélú, ọdún 2020, Olúfọ́n ti Ifọ́n ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé nígbà tí àwọn agbébọn pa á ní Elégbéka, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n. Ọba ni o, inú ọkọ̀ ló wà, orí títì ló sì wà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu, ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ogójì èèyàn, ó tún lé. Bí ọba kò bá bọ́ lórí títì, tí olùjọ́sìn kò bọ́ lójúmọmọ láàárín ìlú, kí ni aṣọ àgọ́ fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ lóru?

Ẹ rò ó wò ná. Iná tí ẹ dá sórí òkè, ẹni tó lúgọ sísàlẹ̀ ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ò mọ̀ pé òun wà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ pé ó wà nínú igbó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ó fi pè wọ́n gan-an lè máà sí.

Atẹ́gùn tí ẹ ń wá náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ gbogbo ìgbà. Nígbà ọyẹ́, tí koríko bá gbẹ táútáú, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ a máa sun igbó. Ìgòkè sì yá iná ju ìsọ̀kalẹ̀ lọ. Tí atẹ́gùn bá wá bá a gbé e, ẹsẹ̀ yín ò lè yá tó o. Bí ẹ bá ní ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lẹ ó lọ, òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá: ìjì àti àrá ló ń tẹ̀ lé e. Lórí àpáta tó ṣófo, ẹ̀yin lẹ ga jù níbẹ̀.

Ọ̀tá tó kù kò gbé ìbọn, kò sì pariwo. Eku ni. Ọdún 1969 ni wọ́n rí ibà Lassa nílùú Lassa ní Borno, eku ló sì ń gbé e kiri. Lónìí, Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń rù ú jù, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ló sì máa ń le jù sí ní Oǹdó. Láti oṣù Bélú sí oṣù Igbe ló ń jà jù, ìyẹn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an tí ẹ ń rò pé ó dára fún àgọ́. Ẹ ó tú gààrí sílẹ̀, ẹ ó sùn. Eku á wá, á jẹ níbẹ̀, á tọ̀ síbẹ̀, ẹ ó sì mu ún lówùúrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gbààwẹ̀ lórí òkè náà, tí ẹ ń gbálẹ̀ ahéré tó ti pẹ́ tí èèyàn ti sùn sí i, eruku tí ẹ ń fà símú lè ní ìtọ̀ eku nínú.

Àìsàn yìí lè fara pamọ́ fún ọjọ́ 21. Tó bá yọjú, ó jọ ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Ibẹ̀ ló ti ń pa èèyàn, torí ẹni tó ń ra oògùn ibà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì ń fi ọjọ́ ṣòfò, bẹ́ẹ̀ oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ribavirin, ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sùn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ara yín wá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kọrí sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC, ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ sùn fún dókítà, ẹ má tijú. Ẹni tó ń tọ́jú yín nílé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ rí òkè, ẹ lọ kí baálẹ̀ abúlé tó sún mọ́ ọn, ẹ mú ọmọ ìlú dání, ẹ bo oúnjẹ yín pa nínú abọ́ olómọrí, kẹ́ ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ ó padà fún àwọn ará ilé. Tílẹ̀ bá ṣú, ibi tí ẹ bá kígbe "ẹ gbà mí o" tí ẹnì kan á dáhùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sùn.