Okùn Irin Kànga àti Ìdè Rẹ̀: Ohun Tó Yẹ Ká Wò Kí Ènìyàn Tó Sọ̀ Kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ omi la tún mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń se omi kó tó ṣeé mu. Ohun tí a fẹ́ sọ kéré lójú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ ẹ̀mí ènìyàn ló so rọ̀ mọ́ ọn. Irin tí a fi ń de okùn irin ni, níbi tí okùn ti pàdé ìkọ́ tàbí garawa, lórí kànga àti lórí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ fòráàjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo yà ní abúlé kan ní agbègbè Kétu, wọ́n ń gbẹ́ kànga níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lórí ilẹ̀ Kétu, omi jìnnà nísàlẹ̀. Kànga yẹn ti jìn ju ìgbà tí ènìyàn lè wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá agbẹ́kàǹga ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú garawa ńlá tí wọ́n fi ń fa iyẹ̀pẹ̀ jáde, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo wo ibi tí okùn irin ti yí ìkọ́ ká. Ìdè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n sì dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Ó ní, "Ọmọ mi, oṣù méjì rèé tí a ti ń lò ó." Mo ní kí wọ́n wá wò ó. Ibi tí ìdè náà ti tẹ okùn tẹ́lẹ̀ ti sún kúrò lábẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Ìrù okùn tó kù níta kò tó ìka kan mọ́. Bàbá náà yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú garawa, wọ́n jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ kíyè sí i o: okùn náà kò ní àrùn kankan. Tuntun ni. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, okùn ò bá má já. Yíyọ̀ ni ì bá yọ̀. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sórí rédíò.

Kí ni okùn irin gan-an?

Tí ẹ bá gé okùn irin, ẹ ó rí i pé kì í ṣe irin kan gbọọrọ. Fọ́nrán irin tíńrín-tíńrín ni wọ́n lọ́ pọ̀ di ìdì kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ́ ìdì bẹ́ẹ̀, mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, yí àárín kan ká. Ohun tó jẹ́ kó lágbára nìyẹn: fọ́nrán gbogbo jọ ń ru ẹrù ni, bí ìgbálẹ̀ tí a dì pọ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń yọ̀, òróró wà lára rẹ̀, kò sì fẹ́ràn kókó. Okùn ọ̀gbọ̀ tàbí okùn rọ́bà ṣeé ta ní kókó. Tí ẹ bá ta okùn irin ní kókó, ó lè pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ yẹn, nítorí àwọn fọ́nrán ti ṣẹ́ra wọn. Nítorí náà, ìdè irin la fi ń mú orí rẹ̀.

Ìdè náà àti gàárì rẹ̀

Ìdè tí ẹ máa ń rí jù ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ń pè ní sẹ́ẹ̀kábù. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Ìkínní ni irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tó ní nọ́ọ̀tì méjì lórí. Ìkejì ni gàárì. Gàárì ẹṣin ni mo wí o, kì í ṣe gààrí tí a ń mu! Gàárì yìí ní kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ kí okùn lè jókòó dáadáa, kó má fara pa.

Bí a bá ti ká okùn yí ìkọ́, apá méjì ló di: ara okùn tó ń ru ẹrù, tó ń lọ sókè, àti ìrù okùn, èyí tó kúrú tí kò ru nǹkan kan. Òfin ibẹ̀ kò le: gàárì gbọ́dọ̀ jókòó sórí ara okùn tó ń ru ẹrù. Irin U gbọ́dọ̀ wà lórí ìrù. Kí ló dé? Irin U máa ń tẹ okùn fọ́, ó máa ń jẹ ẹ́ lára. Tó bá jẹ ìrù lára, kò sí wàhálà, ìrù kò ru ẹrù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ ara tó ń ru ẹrù, ibẹ̀ ni okùn yóò ti máa kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹṣin tó wà láàyè là ń dì ní gàárì, a kì í di òkú ẹṣin ní gàárì. Ara okùn ni ẹṣin tó wà láàyè, ìrù ni òkú. Kí ẹ má sì da wọ́n rú, kí ọ̀kan kọjú síhìn-ín, kí èkejì kọjú sọ́hùn-ún. Gbogbo gàárì gbọ́dọ̀ wà ní apá kan náà.

Bí a ṣe ń dè é

Ẹ jẹ́ ká mú okùn tó nípọn tó mílímítà 10, èyí tí ó wọ́pọ̀ lórí kànga wa.

Àkọ́kọ́, ẹ fi kọ́ọ̀sì sínú ojú okùn. Kọ́ọ̀sì ni irin tó rí bí omijé, tó ní kòtò lẹ́yìn tí okùn máa ń jókòó sí. Láìsí kọ́ọ̀sì, ìkọ́ yóò máa ha okùn, ojú rẹ̀ yóò sì fún pọ̀.

Èkejì, ẹ fi ìrù sílẹ̀ kó gùn dáadáa. Ìrù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 kò pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta, ẹ lo ìdè 4 fún okùn yìí. Kó má dín sí 3 láéláé. Ẹ fi ìkínní sí ìsúnmọ́ òpin ìrù. Ẹ fi ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀sì gan-an, ẹ má tíì dè é le. Ẹ wá pín àwọn tó kù sí àárín, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fa okùn kó nà díẹ̀, kí ẹ wá fi kíléè, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sípánà, de gbogbo nọ́ọ̀tì ní dọ́gbadọ́gba. Díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì.

Ẹ̀karùn-ún, èyí sì ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: ẹ gbé ẹrù tí kì í ṣe ènìyàn, garawa tó kún fún iyẹ̀pẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún padà de nọ́ọ̀tì. Okùn máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nígbà tí ẹrù bá fà á, nọ́ọ̀tì tó le láàárọ̀ á ti dẹ̀ ní ọ̀sán. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan

Okùn irin dáadáa, tuntun, tó nípọn tó mílímítà 10, lè ru nǹkan bíi kílò 5000 kó tó já. Ìdè tí a fi sí i bó ṣe yẹ kì í jẹ́ kó kù ju ìdá 80 nínú 100 lọ: ó di kílò 4000. Ṣùgbọ́n a kì í gbé ẹrù tó súnmọ́ ibi tí okùn ti ń já. Fún iyẹ̀pẹ̀ àti irin, àwọn oníṣẹ́ máa ń pín in sí 5: ó di kílò 800. Fún ènìyàn, a ń pín in sí 10: ó di kílò 400. Ẹ lè ní, "Ènìyàn kan ò tó kílò 100, kí la ń bẹ̀rù?" Ohun tí a ń bẹ̀rù ni pé okùn máa ń ta gìrì nígbà tí ẹni tó ń wé e bá dúró lójijì, ó ń gbó, ó ń dípẹtà. Gbogbo ìṣirò yìí sì dá lórí pé ìdè jókòó bó ṣe yẹ. Tí ìdè bá yọ̀, kílò 5000 náà kò wúlò mọ́.

Òtítọ́ kan tún wà: fún okùn tó ń gbé ènìyàn, ìparí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ló dára jù sẹ́ẹ̀kábù lọ. Tí apá yín bá ká a, ẹ ra okùn tí wọ́n ti parí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó rí, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ní okùn kejì, tí a so mọ́ àyà àti itan rẹ̀, tí a sì dè mọ́ ibòmíràn tó lágbára lókè, kì í ṣe mọ́ ìkọ́ kan náà.

Lórí ẹ̀rọ fòráàjì

Ní Ṣábẹ, níbi tí òkúta pọ̀, ọwọ́ nìkan kò lè débi omi. Inú lílà òkúta ni omi wà. Ẹ̀rọ ló ń gbẹ́ ibẹ̀, okùn irin ẹ̀rọ náà ló sì ń gbé àwọn páìpù sókè sódò. Òfin tí mo ti sọ ló wà níbẹ̀ náà. Ẹ máa wo àgbá tí okùn ń wé mọ́: nígbà tí ẹrù bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó yẹ kí okùn tó kù lára àgbá yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó kéré tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí okùn tó wà lára àgbá ló ń ru gbogbo ẹrù.

Irú ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé okùn fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ gbígbẹ́. Ẹ̀rọ náà ń gbé irin ńlá tó wúwo sókè, á jù ú sílẹ̀, á tún gbé e, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀marùndínlógójì sí ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀nà yìí ti pẹ́: òun ni wọ́n fi gbẹ́ kànga epo Drake ní Titusville, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1859. Ìdè tó wà ní orí irin náà kì í ṣe sẹ́ẹ̀kábù. Ó dà bí ife irin: wọ́n á ki orí okùn bọ inú rẹ̀, wọ́n á tú àwọn fọ́nrán ká, wọ́n á sì da irin yíyọ́ lé wọn lórí kó dì mọ́ wọn. Inú rẹ̀ ń yí, kí irin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lè máa yí díẹ̀díẹ̀, kí ihò lè rí róbótó. Okùn máa ń kú ní ibi tó ti wọ inú ife yẹn ju ibòmíràn lọ, nítorí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ nígbà gbogbo. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í dúró kó já. Ó máa ń gé apá tó ti gbó sọnù, á sì tún orí rẹ̀ ṣe. Tí ẹ bá rí i pé ó ń gé okùn tó dà bí ẹni pé ó ṣì dára, ẹ má bínú pé ó ń fi owó abúlé ṣòfò. Ẹ̀mí ló ń ṣọ́.

Ìgbà tí okùn ti di ẹgbin

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ lásán fa okùn. Fọ́nrán tó já mú bí abẹ́rẹ́. Ojú egbò kékeré tó ní ìpẹtà àti iyẹ̀pẹ̀ lè kó tẹ́tánọ́ọ̀sì wá, nítorí náà, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn láti béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ ju okùn nù tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí: fọ́nrán púpọ̀ tó já súnmọ́ra, ibi tó ti ká kókó tí ó ti di gígún, ibi tó ti wú bí àgò ẹyẹ, ibi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọnú, tàbí ibi tó ti tín-ín-rín ju ara yòókù lọ. Ẹ má tún un lò láti gbé nǹkan mọ́. Kódà, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ lò lórí kànga tirẹ̀.

Tí ẹ bá dé ọjà

Sẹ́ẹ̀kábù pọ̀ ní bùtíìkì àwọn tó ń ta irin, wọ́n sì jọra. Ẹ mú okùn yín dání lọ, tàbí kí ẹ wọn bó ṣe nípọn tó. Ìdè tó tóbi ju okùn lọ kò lè mú un, èyí tó kéré á fún un pa. Ẹ wo ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n lù nínú iná máa ń wúwo, nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń wà lára rẹ̀ ketekete. Èyí tí wọ́n kàn yọ́ dà sínú àwòṣe máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ lára, ó sì lè là lójijì. Ìyẹn dára fún dídè ọgbà ewúrẹ́, kò dára lórí orí ènìyàn. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń kó owó jọ fún kànga abúlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni.

Ìbéèrè márùn-ún

Kí agbẹ́kàǹga tó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ omi abúlé dúró síbẹ̀, kó sì béèrè: Ìdè mélòó ló wà? Ṣé gàárì wà lórí ara okùn tó ń ru ẹrù? Ṣé ẹ ti de nọ́ọ̀tì láàárọ̀ yìí? Ṣé okùn kejì wà lára yín? Ta ló wà lókè tí kò ní kúrò níbẹ̀? Tí ìdáhùn kan bá kù, iṣẹ́ dúró. Bí ènìyàn bá sì já bọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn fò lé e. Ẹ pariwo, ẹ pe àwọn pọ́ńpíyè, ẹ bá a sọ̀rọ̀ láti òkè.

Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ra ìdè mẹ́rin lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, omi ti jáde. Wọ́n bù ú fún mi nínú igbá, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wo ìkọ́ kí n tó mu. Mo wò ó. Gbogbo gàárì kọjú sí apá kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó ń gbẹ́ kànga ládùúgbò yín.