Ọ̀wọ̀ Nínú Èdè Afinimọ̀nà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní Masifa àti agbègbè Èjìgbò lápapọ̀, ẹni tí ó ń lọ sí Abidjan ní ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábà dá lọ. Ará ilé tí ó ti débẹ̀ rí ni yóò mú un lọ, tí yóò fi ibi tí a ti ń wọkọ̀ àti ibi tí a ti ń fi ìwé hàn mọ̀ ọ́n. Irú afinimọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí, àfi pé ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àlejò tiwa ń wọ̀.

Ẹni tí ó ṣe ètò náà yóò yan ìwọ̀nba bọ́tìnnì tí àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀. Àpótí kékeré tí ó ní àlàyé nínú yóò yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí àlejò bá kà á tán, yóò kọjá sí èyí tí ó kàn. Ẹ̀rọ yóò rántí pé ó ti rí i, kí ó má baà máa yọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́.

Wikipedia, tí ó ní ẹ̀dà Yorùbá, lo irú ètò yìí láti ọdún 2013. Ọ̀kan nínú wọn ni The Wikipedia Adventure. Ìwádìí tí Narayan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé àwọn tí ó lò ó gbádùn rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a fi àwọn tí a pè sí i wé àwọn tí a kò pè, iye iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò yàtọ̀. Afinimọ̀nà kì í ṣe oògùn ọ̀lẹ, kí a má tan ara wa.

Ibi tí ó kan àwa olùkọ́ èdè nìyí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, àṣẹ kan náà ni fún ọmọdé àti àgbà. Nínú Yorùbá, a ní láti yan 'Tẹ ibí' tàbí 'Ẹ tẹ ibí', bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Ní èrò tiwa, 'ẹ' ni ó yẹ. Ọmọdé tí a bọ̀wọ̀ fún kò pàdánù ohunkóhun. Àgbà tí ẹ̀rọ ń pàṣẹ fún bí ọmọ ọ̀dọ̀ lè pa á dé.

Ọ̀rọ̀ ara bọ́tìnnì yàtọ̀ sí èyí. Bí a bá kọ 'Fò ó', àlejò lè máa ṣiyèméjì ohun tí yóò fò. 'Mo ti mọ̀nà' yé ni jù. Àlejò fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ 'o' àti 'ẹ' kò tilẹ̀ wáyé.