YÍYAN FÉRÉMÙ ÌPỌNRÙ FÚN ẸRAN ŃLÁ

Ìró ìbọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń parí ìtàn ọdẹ. Ẹran ṣubú, ọdẹ hó ìhó ayọ̀, ìtàn tán. Ṣùgbọ́n ní Alaska, ní ìpẹ̀kun àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ìgbà tí ẹran bá ṣubú ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní múùsì. Ẹbí àgbọ̀nrín ni, ṣùgbọ́n ó ga ju ẹṣin lọ, ìwo rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́ tí a là sílẹ̀. Akọ rẹ̀ tí ó dàgbà dáadáa lè wọn 1,600 pọ́n-ùn. Bí a bá kó ìfun rẹ̀ kúrò, tí a bó awọ, tí a sì yọ egungun, ẹran jíjẹ tí ó kù a máa tó nǹkan bí 500 pọ́n-ùn. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń pa á, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Àbàtà ni, òkè ni, igi wẹ́wẹ́ tí ó dí pọ̀ ni. Ẹ̀yìn ọdẹ ni ẹran náà yóò bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọdẹ bá lè pọn 80 pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kan, ìgbà méje ni yóò pọn ẹrù kí 500 pọ́n-ùn tó tán. Bí àgọ́ rẹ̀ bá jìnnà tó máìlì 2, yóò rin ọ̀nà náà ní ìgbà méje pẹ̀lú ẹrù, yóò sì padà ní ìgbà mẹ́fà ní ọwọ́ òfo. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ máìlì 26. Máìlì 14 nínú rẹ̀ ni yóò fi ru ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Kò sì lè gé èyí tí ó wù ú kí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún igún. Òfin Alaska pàṣẹ pé ẹran ọrùn, ti àyà, ti ìhà, ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn gbọdọ̀ jáde kúrò nínú igbó. Ní àwọn agbègbè kan, egungun pàápàá gbọdọ̀ wà lára ẹran títí yóò fi jáde. Ìwo, tí ó jẹ́ ohun ìṣògo ọdẹ, kò gbọdọ̀ ṣáájú. Ẹrù ìkẹyìn ni ó lè bá lọ. Ẹni tí ó bá fi ẹran ṣòfò lè rí ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò dúró de ọdẹ, béárì kò sì dúró dè é. Ẹran tí ooru bá há sínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ láti ìdí egungun.

Ohun èlò tí ó ń gba ọdẹ là nínú gbogbo èyí ni férémù ìpọnrù. Ó dà bí àkàbà kékeré tí a fi okùn méjì kọ́ èjìká, tí a sì fi ọ̀já fífẹ̀ kan dè mọ́ ìbàdí. A di ẹran mọ́ ọn lára, a sì pọ̀n ọ́n bí ẹni pọn ọmọ.

Ẹni tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá lè béèrè ìdí tí wọn kò fi gbé òṣùká lé orí kí wọ́n sì ru ẹran náà. Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ọgbọ́n wà nínú ẹrù orí: ẹrù dúró ṣánṣán lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, egungun sì ni ó ń gbé e ju iṣan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó yẹ ẹrù orí. Ẹni tí ó ń gun òkè olókùúta, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹ̀ka igi, tí ó sì ń wo ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ lé nínú àbàtà, kò lè na ọrùn gbọnin. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti mọ èyí láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń pọn ẹrù, wọn a sì fi ọ̀já awọ kọ́ iwájú orí kí ọrùn lè bá ẹ̀yìn gbé e.

Ní ọdún 1920, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lloyd Nelson yá irú férémù àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí lò ní Alaska. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a na awọ ẹran omi lé lórí, ara kò sì tù ú nídìí rẹ̀. Nígbà tí ó padà sí ìlú Bremerton, ó fi igi ṣe tirẹ̀, ó sì fi okùn fa aṣọ kánfáàsì le dain-dain láàárín igi méjèèjì, kí ó lè jẹ́ pé aṣọ ni ó ń kan ẹ̀yìn, kí ẹrù má kàn án rárá. Ní ọdún 1924 ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà. Igi ni gbogbo rẹ̀, èjìká ni ó sì gbé e kọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni àtúnṣe ti wá. Ní ọdún 1951, Dick Kelty, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní California, ń rìn lórí òkè Sierra Nevada pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, nígbà tí ọ̀rẹ́ náà ki ìdí férémù bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Èjìká rẹ̀ fúyẹ́ lójú kan náà. Ó dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni Kelty ti rí ọgbọ́n ọ̀já ìbàdí. Ní ọdún 1952 ó bẹ̀rẹ̀ sí fi alumíníọ́mù ṣe férémù tà, Nena aya rẹ̀ sì ń rán àpò.

Àwọn ìyá wa kò nílò àpò ṣòkòtò láti mọ èyí. Ìyá tí ó pọn ọmọ kì í so ọmọ kọ́ èjìká. Ó ń fi ọ̀já gbà á mọ́ra lórí bàdí, ó sì lè pọ̀n ọ́n láti àárọ̀ di alẹ́. Egungun ìbàdí àti itan ni ó lágbára jù lọ lára ènìyàn. Férémù tí ó bá ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù lé wọn lórí ni férémù; èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìyà ni. Okùn èjìká tí ẹrù rọ̀ mọ́ a máa tẹ iṣan tí ń lọ sí apá, títí ọwọ́ yóò fi kú tipiri.

Nítorí náà, líle ni kí ọdẹ kọ́kọ́ wò. Férémù tí ó bá ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù ti já ìdè tí ó wà láàárín ẹrù àti ìbàdí. Gbogbo rẹ̀ yóò sì padà sórí èjìká. Àwọn kan a máa yan èyí tí ó fúyẹ́ jù kí wọ́n lè jèrè pọ́n-ùn méjì. Èrè wo ni pọ́n-ùn méjì fún ẹni tí yóò pọn ọgọ́rùn-ún? Kí ó wo oríkèé rẹ̀ dáadáa, bóyá a jó o pọ̀ ni tàbí a fi pínnì dè é. Èyí tí a jó pọ̀ kì í mì, ṣùgbọ́n bí ó bá sán nínú igbó, kò sí alágbẹ̀dẹ níbẹ̀. Pínnì lè bọ́ sọnù, ṣùgbọ́n a lè mú mìíràn dání. Férémù mìíràn a máa han bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ariwo kì í dẹ́rù ba ẹran tí ó ti kú, àmọ́ yóò lé èyí tí ó kù.

Lẹ́yìn èyí ni gígùn. Kí ọdẹ tẹ orí ba. Egungun kan yóò yọ kókó ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Kí ó gbé àtàǹpàkò lé òkè egungun ìbàdí rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Láti kókó náà títí dé àárín àtàǹpàkò méjèèjì ni ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwọ̀n yìí ni kí ó fi ra férémù, kí ó má fi gíga ara rẹ̀ rà á, nítorí ẹni gíga mìíràn wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gùn. Orí férémù sì gbọdọ̀ yọ ju èjìká lọ, kí okùn tí ń fa ẹrù mọ́ra lè ti òkè wá.

Pẹpẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é fojú fò. Ẹran tí a ti yọ egungun rẹ̀ máa ń rọ̀, ó sì ń yọ̀. Bí kò bá sí pẹpẹ tí yóò gbà á dúró, yóò ṣàn wá sí ìdí ọdẹ, yóò sì máa fà á sẹ́yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀. Láàárín egungun apá méjèèjì, ní ìfaramọ́ ẹ̀yìn, ni ó yẹ kí ibi tí ó wúwo jù wà.

Kò sí férémù tí kì í tura lẹ́yìn nínú ilé ìtajà, nígbà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Kí ọdẹ di àpò yanrìn 80 pọ́n-ùn mọ́ ọn nílé, ní oṣù púpọ̀ ṣáájú ìgbà ọdẹ, kí ó jókòó, kí ó ki apá bọ okùn, kí ó yí sórí eékún, kí ó sì fi ọ̀pá dìde. Bí kò bá lè dìde fúnra rẹ̀, ẹrù náà ti pọ̀ jù fún un. Kí ó gun òkè, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ ni orúnkún ti ń rí ìyà. Ibi tí ó bá bó o lára ní máìlì kìíní ni yóò di egbò ní máìlì kẹrìnlá. Nígbà tí ó bá sì ti igbó dé, kí ó fọ ẹ̀jẹ̀ àti òógùn kúrò lára okùn gbogbo kí ó tó gbé e kọ́. Eku fẹ́ràn iyọ̀ òógùn, okùn tí eku ti jẹ kò ní sọ fún ọdẹ títí ẹran mìíràn yóò fi wà lẹ́yìn rẹ̀.